Ìtàn William Knibb àti Òru Ìdáǹdè ní Falmouth

Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Ọ́gọ́ọ̀sì ni àwọn ará Jàmáíkà máa ń ṣe ìrántí òpin oko ẹrú ní erékùṣù wọn. Ẹni tí a fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ yìí kì í ṣe ọmọ Ìjọ wa, Onítẹ̀bọmi ni. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò sọ ìtàn ọjọ́ náà tí kò ní dárúkọ rẹ̀.

A bí William Knibb ní Kettering, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ọjọ́ 7 oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà, 1803. Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni ó kọ́. Thomas ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ lọ ṣe olùkọ́ ní Kingston, ó sì kú síbẹ̀ ní 1824. William yọ̀ǹda ara rẹ̀ láti rọ́pò rẹ̀, òun àti Mary aya rẹ̀ sì gúnlẹ̀ ní 1825.

Ní 1830, ẹrú kan tí í ṣe díákónì rẹ̀, Sam Swiney, kó àwọn ará jọ láti gbàdúrà nígbà tí ara Knibb kò le. Nítorí èyí nìkan ni àwọn adájọ́ fi ní kí a nà án ní pàṣán, kí a sì fi ẹ̀wọ̀n dè é lọ ṣe iṣẹ́ ojú ọ̀nà. Knibb dúró tì í, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó sì bá a rìn la ìlú já lójú àwọn olówó ẹrú. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti kórìíra rẹ̀.

Ní Kérésìmesì 1831, Sam Sharpe, ẹrú àti díákónì ní Montego Bay, bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ mulẹ̀ pé àwọn kò ní ṣiṣẹ́ mọ́ láìgba owó ọ̀yà. Knibb rọ̀ wọ́n kí wọ́n padà sí oko, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù. Iná sọ ní oko ìrèké, ọ̀tẹ̀ sì bẹ́ sílẹ̀. Ẹrú tí a dájọ́ ikú fún tí a sì pa ju 300 lọ. Sharpe alára ni a so rọ̀ ní ọjọ́ 23 oṣù Méè, 1832. A mú Knibb, a kò rí ẹ̀sùn kankan kà sí i lọ́rùn. Àwọn ọ̀tá rẹ̀ sì wó ilé ìsìn rẹ̀ ní Falmouth lulẹ̀. Ohun tí ó tẹ̀lé e kò dùn-ún sọ nínú ìwé Ìjọ wa, ṣùgbọ́n òtítọ́ ni: àlùfáà Ìjọ Gẹ̀ẹ́sì kan, George Bridges ti St Ann, ni ó dá ẹgbẹ́ tí ń wó ilé ìsìn àwọn ẹlòmíràn sílẹ̀.

Knibb lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1832, ó sì jẹ́rìí níwájú ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin méjèèjì nípa ohun tí ojú rẹ̀ rí. Ní 1833 a ṣe òfin ìdáǹdè. Àwọn olówó ẹrú gba 20 mílíọ̀nù pọ́n-ùn. Àwọn ẹrú kò gba kọ́bọ̀. Lóòótọ́, láti 1834 a kò pè wọ́n ní ẹrú mọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì ń ṣiṣẹ́ wákàtí 40 ààbọ̀ lọ́sẹ̀ fún olúwa wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Orúkọ ni ó yí padà.

Òmìnira gan-an dé ní 1838. Ní alẹ́ ọjọ́ 31 oṣù Júláì, ilé ìsìn Falmouth kún àkúnya. Wọ́n kọrin, wọ́n gbàdúrà, wọ́n ń ka wákàtí. Nígbà tí agogo méjìlá òru lù, Knibb ké fún wọn pé ìkà ẹranko náà ti kú, ariwo ayọ̀ sì gba ilé kan. Wọ́n ti kan pósí sílẹ̀. Wọ́n kó ẹ̀wọ̀n, pàṣán àti irin ọrùn tí a fi ń dè wọ́n sínú rẹ̀, wọ́n sì sin ín bí ẹni sin òkú. Wọ́n gbin igi òmìnira.

Àjọ̀dún parí, ìṣòro kò parí. Ẹni tí ó dòmìnira ṣì ń gbé inú ahéré ẹni tí ó ni oko, ẹni yìí sì lè lé e jáde nígbàkúgbà. Nítorí náà ni Knibb fi ń ra ilẹ̀, tí ó ń pín in fún wọn láti kọ́lé ti ara wọn; ọ̀kan nínú ìletò wọ̀nyí ni a sọ ní Kettering. Ó tún ṣe ìrànwọ́ kí àwọn ará Jàmáíkà lè mú Ìhìnrere wá sí Fernando Po, lẹ́bàá ilẹ̀ wa níhìn-ín. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn oníwàásù tí Ìjọ rẹ̀ dá sílẹ̀ ní Rio Bueno ní 1843, Calabar ni wọ́n sọ ọ́.

Ibà pọ́njú-pọ́njú pa á ní ọjọ́ 15 oṣù Nòfẹ́ńbà, 1845, ní ẹni ọdún 42. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ni ó sin ín dé ibojì ní Falmouth. Ní 1988 ìjọba Jàmáíkà fi oyè ńlá dá a lọ́lá. Àjọ̀dún Ìdáǹdè, tí a ti fi ti òmìnira ìlú rọ́pò ní 1962, ni a dá padà ní 1997.