Dókítà Obadiah Johnson àti ìwé ìwádìí rẹ̀ lórí ìwòsàn ilẹ̀ wa

Orúkọ Johnson kò ṣàjèjì sí ẹni tó bá ń ka ìtàn Yorùbá. Bí a bá dárúkọ rẹ̀, Samuel, pásítọ̀ Ọ̀yọ́, ni ọkàn ọ̀pọ̀ wa máa ń lọ bá. Àbúrò rẹ̀, Obadiah, ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ níbí: ọ̀kan lára àwọn Yorùbá àkọ́kọ́ tó kẹ́kọ̀ọ́ gboyè dókítà ní ìlú òyìnbó, lẹ́yìn Nathaniel King.

Àwa ọmọ ẹgbẹ́ tí a wà ní Parakou ní ìdí tiwa tí a fi ń rántí rẹ̀. Nínú ọjà Arzèkè, láàrin ìlú wa, èdè Yorùbá kì í wọ́n, nítorí àwọn Nàgó àti àwọn Yorùbá tó wá ṣòwò pọ̀ níbẹ̀. Lọ́dọ̀ àwọn ẹlẹ́wé ọmọ ni èèyàn ti ń ra epo igi àti egbò igi tí yóò fi se àgbo. Ní ìlú kan náà, yunifásítì tí a dá sílẹ̀ ní 2001 ní ẹ̀ka ìmọ̀ ìṣègùn, níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti gbọ́dọ̀ kọ ìwé ìwádìí kó tó di dókítà. Kí ni àwọn méjèèjì yìí lè bi ara wọn léèrè? Ọ̀rọ̀ yìí kò bẹ̀rẹ̀ lónìí. Obadiah Johnson ti wà nídìí rẹ̀ láti 1889.

Hastings ní ilẹ̀ Sàró ni wọ́n bí i sí ní 1849, láàrin àwọn Yorùbá tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú. Ìran Aláàfin Abíọ́dún ni bàbá rẹ̀, Henry Erugunjinmi Johnson. Ní ìparí 1857 ìdílé náà gbéra lọ sí Ìbàdàn, kí bàbá lè bá David Hinderer ti C.M.S. ṣiṣẹ́. Kò pẹ́ tí ogun Ìjàyè fi bẹ́ sílẹ̀ ní 1860. Ọ̀nà dí, ebi sì pa ilé míṣọ́n. Àwọn oníṣègùn ilé ni gbogbo ìlú ń gbára lé nígbà náà, ojú ọmọ náà kò sì lè ṣàì tó iṣẹ́ wọn.

Ó kàwé ní Fourah Bay College ní Freetown, lẹ́yìn náà ní King's College ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1884 ó gba oyè M.R.C.S., èyí tó fún un láṣẹ láti máa tọ́jú aláìsàn. Ó tún kọjá sí Edinburgh, níbi tó ti gba oyè M.D. ní 1889.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ níbi M.D. yìí, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ní Edinburgh ìgbà náà, kì í ṣe oyè tí wọ́n ń jókòó ní kíláàsì gbà. Ẹni tó ti di dókítà tẹ́lẹ̀ ni yóò lọ ṣiṣẹ́, yóò fi ojú ara rẹ̀ wo àìsàn àti ìwòsàn, yóò sì kọ ohun tó rí sílẹ̀ fún àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n láti yẹ̀ wò. Ìwádìí ni, kì í ṣe ìdánwò àkọ́sórí. Àkọlé tí Johnson fún tirẹ̀ ni West African Therapeutics, ìyẹn ni ọ̀nà ìwòsàn ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà.

Ó lè kọ nípa àìsàn kan ní ilé ìwòsàn Lọ́ńdọ̀nù, kò sẹ́ni tí yóò bi í. Lójú tiwa, àkọlé tó yàn yìí gba ìgboyà. Ṣùgbọ́n kò ṣe é láìmọ ibi tó wà. Thomas Fraser, tó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ oògùn ní Edinburgh nígbà náà, èso olóró kan láti Kàlàbá ló fi gba M.D. tirẹ̀ ní 1862. Èso tí wọ́n ń fún afurasí jẹ láti mọ̀ bóyá ó jẹ̀bi ni, òun náà ló sì di oògùn ojú. Fraser tún yẹ oró tí àwọn ọdẹ Áfíríkà fi ń pa ọfà wò, ó sì rí oògùn ọkàn nínú rẹ̀. Àwọn àgbà tó kọ́kọ́ mọ èso àti oró wọ̀nyí kò ní orúkọ nínú ìwé kankan. Johnson ní tirẹ̀, ọmọ ilé ni, ó gbọ́ èdè, ó sì mọ ẹni tí èèyàn lè bi léèrè.

Lọ́dún 1889 kan náà ló wọ iṣẹ́ ìjọba ní Èkó, gẹ́gẹ́ bí igbákejì dókítà ìjọba. Ó ṣe é títí di 1897. Ìjọba amúnisìn kò ní àyè fún dókítà dúdú tó fẹ́ ṣe ìwádìí. Owó oṣù tirẹ̀ kò tilẹ̀ tó ti òyìnbó. Nígbà tí wọ́n dá ẹgbẹ́ dókítà ìjọba sílẹ̀ fún gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní 1902, òyìnbó nìkan ni wọ́n gbà sínú rẹ̀. Johnson ti kúrò nígbà yẹn, ó ti wà nínú Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Èkó láti 1901, ó sì wà níbẹ̀ títí di 1913.

Ibi tí ẹ̀kọ́ ìwádìí rẹ̀ wá hàn sí kò jẹ mọ́ oògùn rárá. Samuel parí ìwé ìtàn Yorùbá ní 1897, wọ́n fi ránṣẹ́ sí ilé ìtẹ̀wé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì sọnù. Obadiah fúnra rẹ̀ béèrè rẹ̀ níbẹ̀ ní 1900, òfo ló bá bọ̀. Samuel kú ní 1901. Dókítà wá jókòó ti àwọn àkọsílẹ̀ àti ìwé àkọ́kọ́kọ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi sílẹ̀, ó tò wọ́n, ó fi wọ́n wé ara wọn, ó sì tún gbogbo rẹ̀ kọ. Ní 1916 tó fi ránṣẹ́, àwọn ará Jámánì gba ọkọ̀ ojú omi Appam tó gbé e, wọ́n sì wà á lọ sí Amẹ́ríkà. Ó tó 1918 kí ẹrù náà tó dé ọwọ́ àwọn atẹ̀wé, nígbà tí bébà ti wọ́n nítorí ogun.

Obadiah Johnson kú ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1920. The History of the Yorubas jáde ní 1921, orúkọ Samuel wà lórí rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí òǹkọ̀wé, ti Obadiah gẹ́gẹ́ bí olóòtú.