Àjàyí Crowther: ẹsẹ ọ̀rọ̀ fún ọjọ́ kan ní Abẹ́òkúta

Ní ọdún 1853, àlejò kan wọ ìlú Kétu. Àlùfáà ìjọ Áńgílíkà ni, ṣùgbọ́n ọmọ Yorùbá bíi tiwa ni pẹ̀lú. Samuel Àjàyí Crowther ni orúkọ rẹ̀. Ẹni tí ó bá rí i nígbà náà kò lè mọ̀ pé ọkùnrin yìí ti fẹ́ gba ẹ̀mí ara rẹ̀ rí nígbà èwe.

Ọ̀ṣoogùn, ní agbègbè Ìṣẹ́yìn, ni a bí i sí. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ní ọdún 1821, ogun wọ ìlú náà, a sì kó òun, ìyá rẹ̀ Afálà, àti àwọn àbúrò rẹ̀ lẹ́rú, okùn lọ́rùn wọn. A fi ọmọ náà pààrọ̀ ẹṣin. Nígbà tí ó ṣe, ẹṣin kò wu ẹni tí ó gbà á, wọ́n dá ẹṣin padà, wọ́n sì dá ọmọ padà. Lẹ́yìn èyí ó kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, ó ń ti ọwọ́ olówó kan bọ́ sí ọwọ́ òmíràn, títí a fi fi ọtí àti tábà rà á. Ẹ̀rù pé a ó tà á fún òyìnbó Potogí mú kí ó kọ oúnjẹ. Ní òru mélòó kan ó fi ọ̀já ta kókó mọ́ ọrùn ara rẹ̀, ṣùgbọ́n àyà rẹ̀ kò gbà á láti fà á le.

A tà á fún Potogí náà nígbẹ̀yìn, ní Èkó. Ní oṣù kẹrin ọdún 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba ọkọ̀ ẹrú náà lójú òkun, wọ́n sì kó wọn lọ sí Sàró. Níbẹ̀ ni ó ti kọ́ ìwé. Láàárín bí oṣù mẹ́fà ó ti lè ka Májẹ̀mú Titun. A ṣe ìrìbọmi fún un ní 1825. Ní 1837 ó kọ ìtàn oko ẹrú rẹ̀, ó sì pe ọjọ́ burúkú tí a mú un ní ọjọ́ ìbùkún. Ọ̀rọ̀ yìí kò rọrùn fún mi láti gbé mì, nítorí nígbà tí ó ń kọ ọ́, kò tíì mọ ibi tí ìyá rẹ̀ wà.

Ó padà sí ilẹ̀ Yorùbá gẹ́gẹ́ bí àlùfáà, ó sì dé Abẹ́òkúta ní 1846. Ní ọjọ́ kọkànlélógún oṣù kẹjọ, ẹsẹ ọ̀rọ̀ tí àlímánáàkì àwọn onígbàgbọ́ yàn fún ọjọ́ náà wá láti inú Sáàmù: ó pe Ọlọ́run ní olùrànlọ́wọ́ aláìníbaba. Ní ọjọ́ yẹn gan-an ni arákùnrin rẹ̀ mú ìyá kan wọlé tọ̀ ọ́ wá. Afálà ni. Ó ti tó ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tí wọ́n ti rí ara wọn mọ. Ìyá náà ń gbọ̀n, kò gba ojú ara rẹ̀ gbọ́. Wọ́n di ara wọn mú, wọn kò lè sọ̀rọ̀, omijé ń dà lójú ìyá tí ìyà ti mú kí ó rù. A ti tún un mú lẹ́rú ní àárín ọdún wọ̀nyẹn, a sì rà á padà. Crowther kọ ọ́ sínú ìwé ìrántí rẹ̀ pé òun kò tíì mọ agbára ẹsẹ náà rí tó ti ọjọ́ yẹn. Ní 1848 a ṣe ìrìbọmi fún Afálà, a sì sọ ọ́ ní Hánà, orúkọ ìyá Sámúẹ́lì.

Ní 1864 a fi Crowther jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury, òun sì ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ nínú oyè náà ní ìjọ Áńgílíkà. Ní 1884, odindi Bíbélì èdè Yorùbá, tí òun àti àwọn mìíràn ti ń túmọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, parí.

Ìdánwò ìkẹyìn wá láti inú ilé. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1890, ní ìpàdé kan ní Onitsha, àwọn ọ̀dọ́ ajíhìnrere Gẹ̀ẹ́sì dojú kọ arúgbó tí ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Wọ́n fi ẹ̀sùn kan àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, wọ́n sì dá díẹ̀ nínú wọn dúró lẹ́nu iṣẹ́, títí kan ọmọ tirẹ̀, Dandeson. Crowther fi ipò rẹ̀ nínú ìgbìmọ̀ náà sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò fi ìjọ sílẹ̀. Ó dúró ti àwọn ìjọ ẹnu Odò Ọya, tí ó fẹ́ máa fi owó ara wọn bọ́ ara wọn, kí wọ́n sì máa darí ara wọn.

Ó kú ní Èkó ní ọjọ́ tí ó kẹ́yìn ọdún 1891. Òyìnbó ni a fi rọ́pò rẹ̀. Ní ọdún 1892, àwọn ìjọ ẹnu Odò Ọya dá dúró, Dandeson sì ni olórí wọn.