James Brand Pinker

James Brand Pinker (1863 – 8 Oṣù Kejì, ọdún 1922) jẹ́ aṣojú àwọn òǹkọ̀wé ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Lára àwọn tí ó ṣojú fún ni Joseph Conrad, Henry James, Arnold Bennett àti Stephen Crane.

Ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́

Iṣẹ́ akọ̀ròyìn ni Pinker kọ́kọ́ ṣe, ní ìlú Constantinople àti ní Lọ́ńdọ̀nù. Níbẹ̀ ni ó ti mọ irú ìtàn tí àwọn olóòtú ń wá àti iye tí wọ́n lè san. Ní ọdún 1896, ó ṣí ọ́fíìsì ní òpópónà Arundel. A. P. Watt ti ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ṣáájú rẹ̀, ṣùgbọ́n Pinker máa ń gba àwọn òǹkọ̀wé tí kò tíì lókìkí mọ́ra.

Òun ni ó ń bá àwọn atẹ̀wétà dúnàádúrà. Ó lè ta ìtàn kan fún ìwé ìròyìn, kí ó tún tà á fún atẹ̀wétà ní Lọ́ńdọ̀nù àti òmíràn ní Amẹ́ríkà. Ìdá mẹ́wàá owó tó bá wọlé ni tirẹ̀. Bí ìwé kò bá tà, kò sí èrè fún un.

Òun àti Conrad

Ní ọdún 1900 ni Conrad di oníbàárà rẹ̀. Conrad kì í tètè parí ìwé, Pinker sì ń yá a lówó lórí iṣẹ́ tí kò tíì parí, títí gbèsè náà fi kọjá 2,000 pọ́n-ùn. Ní Oṣù Kìíní ọdún 1910, nígbà tí Conrad parí Under Western Eyes, ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàárín wọn. Pinker bu ẹnu àtẹ́ lu bí Conrad, ẹni tí èdè Pólándì jẹ́ èdè abínibí rẹ̀, ṣe ń sọ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀rọ̀ náà dun Conrad wọra, ó sì dùbúlẹ̀ àìsàn fún oṣù mélòó kan. Ìwé Chance, tí ó tà púpọ̀ ní ọdún 1914, ni ó tú Conrad sílẹ̀ nínú ìṣòro owó. Nígbà náà, àwọn méjèèjì ti tún di ọ̀rẹ́.

Ikú rẹ̀ àti ohun tó tẹ̀lé e

Pinker kú ní ìlú New York, níbi tí iṣẹ́ gbé e lọ. Àwọn ọmọ rẹ̀, Eric àti Ralph, ni wọ́n jogún iléeṣẹ́ náà. Ní ọdún 1939, ilé ẹjọ́ ní New York rán Eric lọ sí ẹ̀wọ̀n nítorí pé ó ná owó oníbàárà. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí iléeṣẹ́ tí baba wọn fi ìfọkàntán kọ́ fi kógbá sílé.