Haruna Ìṣọ̀lá àti I.K. Dáíró: Àjọṣe Tí Ìyàtọ̀ Ẹ̀sìn Kò Bà Jẹ́

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun Ọba, ẹni tí ó fún ọmọ ènìyàn ní ohùn, tí ó sì fún un ní ọgbọ́n tí yóò fi lò ó. Kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá Ànábì wa Muhammadu, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀ lápapọ̀.

Ẹ̀yin ọmọ ìyá wa, ẹjọ́ kan wá bá wa ní Olúpọ̀nnà níbí lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ kan. Ọ̀dọ́mọkùnrin méjì ni wọ́n, orin Ìsìláàmù ni wọ́n ń kọ níbi ìsọmọlórúkọ, yìgì àti wọ́límọ̀ káàkiri agbègbè Ìwó. Ọ̀kan ni ó ń dá orin, èkejì ni ó ń lùlù tí ó sì ń gbe orin. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n ti jọ ń ṣe é tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ ìjà wọn. Wọ́n wá lọ gba ohùn sílẹ̀, orin náà jáde, ó tàn káàkiri lórí fóònù, owó díẹ̀ wọlé, ìjà sì bá owó náà wọlé. Ẹni tí ó ń dá orin ní òun ni òun ni ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Onílù ní bí a bá yọ ìlù kúrò, kò sí ẹni tí yóò gbọ́ ọ̀rọ̀ náà. Wọn kò kọ ohunkóhun sílẹ̀, wọn kò sì pe ẹlẹ́rìí sí i. A parí ìjà náà dé ibi tí agbára wa mọ, wọ́n sì bọ ara wọn lọ́wọ́ lójú wa, ṣùgbọ́n wọn kò jọ kọrin mọ́ láti ìgbà náà.

Ìtàn Alhaji Haruna Ìṣọ̀lá ni ó ń wá sí wa lọ́kàn láti ọjọ́ yẹn, a sì rí i pé ó yẹ kí a kọ ọ́ fún àǹfààní àwọn ọ̀dọ́ wa. Kí a tó máa lọ, a mọ̀ pé ọ̀rọ̀ àwọn onímímọ̀ wa pọ̀ lórí orin àti ìlù, èrò wọn kò sì papọ̀ sójú kan. Ìdájọ́ orin kọ́ ni a jókòó ṣe lónìí. Bí ẹnì kan ṣe bá ẹnì kejì rẹ̀ lò nínú iṣẹ́ ọwọ́ wọn ni a fẹ́ wò.

Ọdún 1919 ni wọ́n bí Haruna Ìṣọ̀lá Bello. Ìjẹ̀bú-Igbó ni orúkọ rẹ̀ so mọ́ títí ó fi jáde láyé. Musulumi ni, orin àpàlà sì ni ó yàn láàyò, orin tí ó gbilẹ̀ láàárín àwọn Musulumi ilẹ̀ Yorùbá kí àwọn òyìnbó tó gbé ìjọba fún wa. Àpàlà kò mọ gìtá. Ìlù tí ń sọ̀rọ̀ ni ó mọ̀, àti àkúbà, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, agogo àti agídìgbo, èyí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé ọlọ́gbọ́n ni í jó o. Ìjókòó ni Haruna máa ń jókòó láàárín àwọn onílù rẹ̀ tí yóò máa kọrin. Kì í pariwo. Yóò rọra máa to ọ̀rọ̀ jọ bí ẹni ń to ìlẹ̀kẹ̀: òwe, oríkì, àdúà, àti ọ̀rọ̀ Lárúbáwá tí ọmọ kéwú kò ní ṣàì mọ̀. Àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ ń pè é ní Bàbá Ńgánì Àgbà. Àwa tí a wà ní ilé-kéwú lẹ́yìn ikú rẹ̀, orí rédíò àti kásẹ́ẹ̀tì àwọn bàbá wa ni a ti mọ ohùn náà.

Kò dé ibẹ̀ lójijì. Ní ọdún 1948 ni ilé-iṣẹ́ HMV gbé àwo rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde. Orí Ọba Adébóyè, Orímọlúsì ti Ìjẹ̀bú-Igbó, ni ó ti kọrin inú rẹ̀. Àwo náà kò tà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ìbá padà sílé níbẹ̀, ṣùgbọ́n Haruna kò padà. Ó ń lọ láti ìlú dé ìlú, láti òde ìnáwó kan dé òmíràn, títí àwọn olówó àti ọlọ́lá fi bẹ̀rẹ̀ sí í wá a kiri. Nígbà tí ọba náà wá kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ òfúrufú ní àárín àwọn ọdún 1950, Haruna tún orin rẹ̀ kọ. Èyí ni gbogbo ènìyàn rà. Orúkọ rẹ̀ kò wálẹ̀ mọ́ láti ìgbà náà.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo bí òwò àwo ṣe rí nígbà yẹn, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wa wà. Àwọn ilé-iṣẹ́ òyìnbó bíi HMV àti Decca ni wọ́n ni ẹ̀rọ ìgbohùn, àwọn ni wọ́n ni àwo, àwọn náà ni wọ́n sì ń pinnu ohun tí yóò kan olórin lára owó rẹ̀. Ojú kan àwo ìgbà náà kò gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Ẹni tí ó lè jókòó ní òde ìnáwó láti ìrọ̀lẹ́ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́ gbọ́dọ̀ gé orin rẹ̀ kúrú bí ìgbà tí ènìyàn ń gé aṣọ àgbàlagbà fún ọmọdé. Nígbà tí àwo ńlá dé ni àyè fẹ̀ sí i, tí orin fi lè gba gbogbo ojú kan. Síbẹ̀, ọwọ́ tí ó ṣe iṣẹ́ kọ́ ni ó ni iṣẹ́ náà.

Ẹlòmíràn wà tí ó ń jẹ nínú àwo kan náà pẹ̀lú rẹ̀. Isaiah Kẹ́hìndé Dáíró ni orúkọ rẹ̀, gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí I.K. Dáíró. Ọ̀fà ni wọ́n ti bí i, ṣùgbọ́n ọmọ Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà ni, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun wa níbí. Káfíńtà ni bàbá rẹ̀, òun ni ó sì gbẹ́ ìlù fún un nígbà tí ó wà ní kékeré. Isaiah gẹ irun, ó ta aṣọ, ó ṣe lébìrà, kí orin tó di oúnjẹ fún un. Ní ọdún 1957 ni ó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, èyí tí ó padà ń jẹ́ Blue Spots. Jùjú ni orin tirẹ̀. Ó lo gìtá, ó mú àkọ́díọ̀nù wọ inú jùjú, ó sì fún gángan ní ipò iyì láàárín wọn. Yàtọ̀ sí Yorùbá, ó kọrin ní èdè Ẹ̀dó, Urhobo àti Hausa. Ní ọdún 1963, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi oyè MBE dá a lọ́lá. Ọmọ ìjọ Aládùúrà ni, kò sì fi ẹ̀sìn rẹ̀ pamọ́ nínú orin rẹ̀.

Ẹ wo àwọn méjèèjì dáadáa. Musulumi ni ọ̀kan, Kìrìsìtẹ́nì ni èkejì. Ìjẹ̀bú-Igbó ni ọ̀kan, Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà ni èkejì. Ọ̀kan jókòó ti agídìgbo, èkejì dúró ti àkọ́díọ̀nù. Òde ìnáwó kan náà ni wọ́n ń dù, ọjà kan náà ni wọ́n sì ń ta àwo wọn sí. Bí a bá wo ìwà àwọn olórin ilẹ̀ wa, àwọn tí wọ́n máa ń fi odindi àwo bú ara wọn, ohun tí ènìyàn ìbá máa retí láàárín irú àwọn méjì bẹ́ẹ̀ ni ọ̀tá.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ yàtọ̀ sí èyí. Ní ọdún 1969, Haruna Ìṣọ̀lá àti I.K. Dáíró pa ọwọ́ pọ̀, wọ́n dá ilé-iṣẹ́ àwo sílẹ̀, wọ́n sì pè é ní Star Records. Àwọn tí ń kọ ìtàn orin kà á sí ilé-iṣẹ́ àwo àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ Áfíríkà tí ó jẹ́ ti àwọn olórin fúnra wọn. Ẹ rántí ohun tí ọdún 1969 jẹ́ ní Nàìjíríà. Ogun abẹ́lé ń lọ lọ́wọ́, ó sì ku díẹ̀ kí ó parí. Ọmọ orílẹ̀-èdè kan náà ń pa ara wọn, ènìyàn sì ń wo ẹ̀yà àti ẹ̀sìn ẹnì kejì rẹ̀ kí ó tó kí i. Ìgbà náà ni Alhaji kan àti ọmọ ìjọ Aládùúrà kan fi orúkọ wọn sí abẹ́ ìwé kan náà.

Kí ni ó so wọ́n pọ̀? Ní tiwa, a kò gbà pé owó nìkan ni. Ẹni tí ó bá fi etí sílẹ̀ sí àwo àwọn méjèèjì yóò gbọ́ ohun kan tí ó jọra. Ìlù tí ń sọ̀rọ̀ ni ó ń dá olórin lóhùn nínú ti Haruna, òun náà ni ó ń dá olórin lóhùn nínú ti Dáíró. Ọ̀rọ̀ Yorùbá ni ó ń darí orin àwọn méjèèjì. Onímọ̀ iṣẹ́ ni ó ń mọ iyì onímọ̀ iṣẹ́: alágbẹ̀dẹ mọ ohun tí ó wà nínú ọkọ́ tí alágbẹ̀dẹ mìíràn rọ, alápatà tàbí onísòwò kò lè mọ̀ ọ́n tó o.

Ohun tí ó wú wa lórí jù ni pé kò sí ẹni tí ó sọ ẹnì kejì di ara rẹ̀. Haruna kò torí Dáíró gbé gìtá wọ inú àpàlà. Dáíró kò torí Haruna fi jùjú sílẹ̀. Haruna kò fi kíkírun sílẹ̀, Dáíró kò sì fi ìjọ rẹ̀ sílẹ̀. Ìmọ̀ tí wọ́n ní nípa ara wọn kò béèrè pé kí wọ́n jọ di ọ̀kan. Ó béèrè pé kí kálukú mọ ohun tí ó jẹ́ ti ẹnì kejì, kí ó sì bọ̀wọ̀ fún un.

Bí ẹnì kan nínú wa bá ń ṣiyèméjì lórí àjọṣe pẹ̀lú ẹni tí kì í ṣe Musulumi, kí ó rántí Khaybar. Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) bá àwọn Júù ibẹ̀ ṣe àdéhùn pé kí wọ́n máa dá oko náà, kí wọ́n sì máa pín irè rẹ̀ sí méjì. Àdéhùn ni, a sì mọ ìpín kálukú níbẹ̀.

Nínú ọdún 1971, lẹ́yìn tí wọ́n ti dá Star sílẹ̀, ni Haruna ṣe àwo Oroki Social Club, èyí tí ó gbayì jù lọ nínú gbogbo àwo rẹ̀. Òṣogbo ni Òròkí náà, kò jìnnà sí wa, àwọn àgbà ìlú wa sì ń fi orin náà yangàn títí di òní. Ó kọrin dé ilẹ̀ Benin, Gẹ̀ẹ́sì, Faransé, Jámánì, Ítálì àti Sweden, ní àsìkò tí irú ìrìn bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n fún olórin ilẹ̀ wa. Ní ọdún 1979, ó tún gbé ìgbésẹ̀ ńlá mìíràn: ó dá Phonodisk sílẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ilé ìgbohùn àti ilé tí wọ́n ti ń tẹ àwo. Ẹ̀rọ tí ó ti jẹ́ ti òyìnbó wá jókòó sí ìlú rẹ̀. Ní ọdún 1981, ìjọba àpapọ̀ fi oyè MON dá a lọ́lá. Ọdún 1983 ni ọlọ́jọ́ dé. Dáíró lo ọdún mẹ́tàlá sí i láyé, ó kú ní ọdún 1996. Musiliu, ọmọ Haruna, gba orin àpàlà lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, àwọn olórin tí ó tẹ̀ lé wọn, bíi Sunny Ade, sì dá ilé-iṣẹ́ àwo tiwọn sílẹ̀.

A padà sí ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ wa méjì. Wọ́n ní ohun tí Haruna àti Dáíró ní, bóyá wọ́n tilẹ̀ ní jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí orin kan ṣoṣo ni wọ́n jọ ń kọ, ẹ̀sìn kan ni wọ́n sì jọ ń ṣe. Nígbà tí ọ̀kan bá gbé ohùn sókè, ìlù èkejì ti mọ ibi tí ó ń lọ. Ẹ̀bùn Ọlọ́hun ni èyí, owó kò lè rà á. Ohun tí wọn kò ní ni ìwé. Áyà tí ó gùn jù lọ nínú Kùránì Alápọ̀ọ́nlé, nínú Súrà Al-Baqara, kì í ṣe orí ìrun tàbí ààwẹ̀ ni ó dá lé. Orí gbèsè ni, àti kíkọ àdéhùn sílẹ̀, àti pípe ẹlẹ́rìí sí i. Ọlọ́hun tí ó dá wa mọ̀ pé ìfẹ́ nìkan kò tó láti ṣọ́ owó. Ẹni tí ó bá kọ ìpín ẹnì kejì rẹ̀ sílẹ̀ kò fi hàn pé òun kò fọkàn tán an. Ààbò ni ó fi bo ìfẹ́ tí ó wà láàárín wọn.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ jọ ń kọrin, tí ẹ jọ ń ṣòwò, tí ẹ jọ ń dá oko, ẹ jókòó lónìí tí ẹ ṣì fẹ́ràn ara yín, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ kọ ẹni tí ó ni ọ̀rọ̀, ẹni tí ó ni ìlù, àti bí ẹ ó ṣe pín ohun tí ó bá wọlé. Ẹ pe àgbà méjì sí i. Ẹ̀yin ọmọ wa méjì tí ọ̀rọ̀ yìí kàn, ẹ mọ ara yín bí ẹ bá ń kà á. Ilẹ̀kùn wa ṣí sílẹ̀ fún yín, gègé àti tàdáwà sì wà nílẹ̀.

Kí Ọlọ́hun forí jin Alhaji Haruna Ìṣọ̀lá níbi tí ó kù díẹ̀ káàtó sí, kí Ó fi alùjánnà kẹ́ ẹ. Kí Ó fún àwa náà ní alábàárìn tí yóò mọ iyì iṣẹ́ wa, kí Ó má sì jẹ́ kí àwa ni a ó ba àjọṣe náà jẹ́. Àmín.