Ìtàn Adégòkè Adélabú, Alága Ìgbìmọ̀ Ìbàdàn

Ní àgbègbè tiwa yìí, láti Amuro títí dé Kabba, kò sí ìlú tí kì í dìbò yan ẹni tí yóò ṣojú rẹ̀ nínú ìgbìmọ̀. Nígbà tí a bá sì rán ènìyàn ní irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ohun méjì ni ó yẹ kí a béèrè: ǹjẹ́ ó fẹ́ràn wa bí? Ǹjẹ́ ó lè ṣírò ohun tí a fi lé e lọ́wọ́? Nítorí ìbéèrè méjì yìí ni a ṣe mú ìtàn Olóògbé Adégòkè Adélabú ti Ìbàdàn wá síwájú yín lónìí.

Ní ọjọ́ kẹta oṣù September ọdún 1915 ni a bí i ní ìlú Ìbàdàn. Ọmọ Mùsùlùmí ni, ṣùgbọ́n ilé-ẹ̀kọ́ àwọn Kristẹni ti Ìjọ C.M.S. ní Kúdẹtì ni ó ti kọ́kọ́ mọ ìwé. Ọpọlọ rẹ̀ jí pépé, ó sì wọ Government College Ìbàdàn ní ọdún 1931. Láti ibẹ̀ ni ó ti bọ́ sí Ilé-Ẹ̀kọ́ Gíga ti Yábà ní ọdún 1936, àwọn oníṣòwò U.A.C. ni ó sì san owó ẹ̀kọ́ rẹ̀. Kò pé ọdún kan níbẹ̀ tí ó fi kúrò, tí ó sì lọ ṣiṣẹ́ fún àwọn oníṣòwò náà. Lẹ́yìn èyí ó di òṣìṣẹ́ ìjọba ní ẹ̀ka ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, ó ṣòwò, ó sì kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn. Bí ó ti ń rí jẹ lónìí ni ó lè pàdánù lọ́la. Ìdí nìyí tí ìyà tálákà kò fi jẹ́ ìtàn àgbọ́sọ fún un.

Nígbà tí ìjà dé láàrin àwọn ìjòyè Ìbàdàn àti Olóyè Sàlámì Àgbájé, tí í ṣe Ọ̀tún Balógun, ní ọdún 1949, kálámù Adélabú wà lára ohun tí àwọn ìjòyè fi jà. Láti ìgbà náà ni orúkọ rẹ̀ ti ń ròkè. Ní ọdún 1951 Ìbàdàn dìbò yàn án sí Ilé Ìgbìmọ̀ Ìwọ̀-Oòrùn. Púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n jọ wọlé ni wọ́n yà sí Ẹgbẹ́ Action Group, ṣùgbọ́n òun dúró ti N.C.N.C. Ní ọdún 1952 ó tẹ ìwé kan jáde ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, tí ó pè ní Africa in Ebullition.

Ẹgbẹ́ tí ó gbé e ga jù ní Ìbàdàn ni Mábọlájẹ́, tí ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀ jẹ́ pé kí a má ṣe ba ọlá àwọn àgbà jẹ́. Àwọn àgbẹ̀ kòkó tí ìjọba ń gé igi wọn nítorí àrùn, àwọn tí owó-orí wọ̀ lọ́rùn, àti àwọn ìjòyè tí agbára ń bọ́ lọ́wọ́ wọn, gbogbo wọn ni ó rí agbọ̀rọ̀sọ nínú rẹ̀. Ó lè bá òyìnbó sọ èdè òyìnbó. Ó sì lè jókòó sí agbo ilé kí ó bá àgbẹ̀ sọ̀rọ̀ bí ọmọ ilé. Nígbà tí ó fi ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tí ó le ṣàpèjúwe rúdurùdu ìjọba, àwọn tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́ di pẹnkẹlẹmẹ́ẹ̀sì, ọ̀rọ̀ náà sì di ti Yorùbá títí di òní.

Ní ọdún 1954 ẹgbẹ́ rẹ̀ borí nínú ìdìbò Ìgbìmọ̀ Ìbàdàn, ó sì di Alága. Ní ọdún kan náà ó wọ Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣojú ní Èkó, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1955 ó sì di Mínísítà. Iṣẹ́ méjì, ìlú méjì, ẹnì kan ṣoṣo! Kò pẹ́ tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, tí í ṣe ti ẹgbẹ́ alátakò rẹ̀, yan òyìnbó kan, Ọ̀gbẹ́ni Nicholson, láti yẹ iṣẹ́ ìgbìmọ̀ náà wò. Ìwádìí náà dá ìgbìmọ̀ àti Alága lẹ́bi. Adélabú fi ipò méjèèjì sílẹ̀ ní ọdún 1956. Àwọn ènìyàn rẹ̀ ní ọ̀tá ni ó dẹ pàkúté fún un. Nígbà tí ìbò tún dé ní ọdún yẹn kan náà, wọ́n dá a padà, ó sì di olórí ẹgbẹ́ alátakò nínú Ilé Ìgbìmọ̀ Ìwọ̀-Oòrùn.

Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n oṣù March ọdún 1958, bí ó ti ń ti Èkó bọ̀ wá sí Ìbàdàn, ọkọ̀ rẹ̀ forí sọ ọkọ̀ mìíràn nítòsí Òde Rẹ́mọ, ó sì kú. Kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́tàlélógójì. Ìbàdàn gbiná. Ọ̀pọ̀ gbà pé ikú náà kì í ṣe ojú lásán, wọ́n sì dojú ìjà kọ àwọn alátakò rẹ̀ àti àwọn agbowó-orí, ẹ̀mí púpọ̀ sì ṣòfò. Ẹni tí ó fi ẹnu jà fún tálákà kò sí láyé mọ́ láti fi ẹnu kan náà pa iná tí ó ràn.

Kí ni a rí kọ́? Àwa tí kálámù ń bọ́ mọ̀ pé ìwé ìṣirò kì í mọ ojú ẹnikẹ́ni. Ìfẹ́ tí ará Ìbàdàn ní sí Adélabú kì í ṣe èyí tí a fi owó rà, a kò sì lè sọ pé àwọn tí ó ṣe ìwádìí rẹ̀ kò ní ẹgbẹ́ lẹ́yìn. Síbẹ̀, ẹni tí ọ̀tá ń ṣọ́ ni ó yẹ kí ìwé rẹ̀ mọ́ jùlọ. Bí a bá tún fẹ́ yan ẹni tí yóò lọ sí ìgbìmọ̀ fún wa, ẹ jẹ́ kí a wá ẹni tí ó ní ọkàn Adélabú sí tálákà. Kí a sì máa béèrè ìṣirò lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí ó ṣì wà láàyè, kí ọ̀tá tó bá wa béèrè. Ọlọ́run yóò fi ẹni rere jíǹkí ilẹ̀ wa o. Àṣẹ.