I. B. Thomas: Akọ̀ròyìn Tó Gba Ẹnu Sẹ̀gilọlá Sọ̀rọ̀

Lóṣù tó kọjá, mo ń kọ ọ̀rọ̀ sínú fọ́ọ̀mù kan. Mo fẹ́ lọ kọ́ iṣẹ́ ìròyìn lẹ́yìn tí mo bá ṣe àgùnbánirọ̀ tán. Orúkọ, ọjọ́ orí, ẹ̀ka ẹ̀kọ́, gbogbo ìyẹn kò le. Ìbéèrè tó kẹ́yìn ló dá mi dúró: kí ni mo mọ̀ ọ́n ṣe gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń sọ ìtàn, níbo ni mo sì ti kù díẹ̀ káàtó? Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi wò ó. Ẹni tó wá bá mi yanjú rẹ̀ ti kú láti ọdún 1963. Isaac Babalọlá Thomas ni orúkọ rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe kọ́ọ̀sì lítíréṣọ̀ Yorùbá mọ orúkọ yìí. Òun ló kọ ohun tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ kà sí ìtàn àròsọ gígùn àkọ́kọ́ ní èdè wa, tó di ìwé ní ọdún mẹ́jọ kí Ògbójú Ọdẹ ti Fágúnwà tó jáde. A kọ ọ́ sínú ìdánwò, a gba máàkì, ó parí. Èmi ò tilẹ̀ rò ó rí pé akọ̀ròyìn ni bàbá yìí, àti pé inú ìwé ìròyìn ni ìtàn náà ti kọ́kọ́ jáde.

Ọdún 1888 ni wọ́n bí i. Abẹ́òkúta ni Henry Townsend ti bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn ní 1859, ṣùgbọ́n láàárín ọdún 1920 sí 1930 ni ìwé ìròyìn èdè Yorùbá wá ń hù bí olú. Adéoyè Dẹ́nígà gbé Èkó Àkéte jáde ní 1922, E. A. Akíntàn gbé Ẹlẹ́tí Ọfẹ jáde ní 1923, D. A. Ọbasá sì bẹ̀rẹ̀ The Yoruba News n'Ìbàdàn ní 1924. Ní 1928 ni Thomas dá tirẹ̀ sílẹ̀, ó sọ ọ́ ní Akéde Èkó. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ló ń jáde. Òun ni olóòtú, òun náà ló ń kọ púpọ̀ nínú rẹ̀. Bó bá rìnrìn àjò, a kọ ohun tó rí lọ́nà fún àwọn òǹkàwé.

Ní oṣù Keje 1929, lẹ́tà kan jáde nínú Akéde Èkó. Obìnrin tó kọ ọ́ pe ara rẹ̀ ní Sẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́, ẹlẹ́gbẹ̀rún ọkọ láyé. Ó ní òun rẹwà nígbà èwe, òun fi ẹwà náà jayé, àìsàn àti òṣì ti wá ká òun mọ́ lọ́jọ́ ogbó, òun sì fẹ́ sọ ìtàn ara òun kí àwọn ọ̀dọ́bìnrin lè fi kọ́gbọ́n. Lẹ́tà náà ń jáde títí di oṣù Kẹta 1930, wọ́n sì kó wọn pọ̀ di ìwé lọ́dún yẹn. Àwọn ará Èkó ń bi ara wọn léèrè pé ta ni obìnrin yìí. Lẹ́tà àwọn òǹkàwé nípa rẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn náà. Bẹ́ẹ̀, Thomas ló jókòó tó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ Sẹ̀gilọlá.

Ní 2012, Karin Barber tún àwọn lẹ́tà náà gbé jáde pẹ̀lú ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀dà yẹn ni mo kà nítorí fọ́ọ̀mù mi, mo sì fi ojú akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá èdè kà á. Ohun tí mo rí ni pé etí ọkùnrin yìí mú gan-an. Sẹ̀gilọlá ń sọ̀rọ̀ bí ìyá àgbà tó jókòó sí ọ̀ọ̀dẹ̀. Á bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ kan, á yà bàrá, á dárò ara rẹ̀, á tún padà síbi tó ti yà. Á pòwe, á rántí orin ìgbà èwe, á mú orin ìsìn sí i. Ó ń pe olóòtú bí ẹni tó wà níwájú rẹ̀. Ó tún fi orúkọ gidi rẹ̀ pamọ́, ìyẹn gan-an ló sì mú kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ jọ òótọ́, nítorí ta ni yóò fi orúkọ ìdílé rẹ̀ sábẹ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀?

Ṣùgbọ́n mo rí àléébù rẹ̀ náà. Ìwàásù pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ó ṣòro fún Thomas láti jẹ́ kí ìtàn dá dúró láì fi ìkìlọ̀ tì í lẹ́yìn. Èmi tí mo jẹ́ obìnrin tún ń béèrè ìdí tó fi jẹ́ pé ẹlẹ́gbẹ̀rún ọkọ nìkan ló ń jẹ́jọ́, tí ẹgbẹ̀rún ọkọ náà kò sì jẹ́jọ́ kankan. Èyí tó wá kàn mí jù ni pé ẹ̀gbẹ́ ìròyìn gidi ló tẹ Sẹ̀gilọlá sí, ó sì jẹ́ kí àwọn èèyàn gbà á gbọ́.

Ìdí tó fi kàn mí nìyí. Nígbà tí mo wà ní ìpele kẹta, mo kọ nípa màmá kan tó ń ta àkàrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà wa. Mo fi fóònù gba ohùn wọn sílẹ̀. Wọ́n sọ fún mi pé àkọ́bí wọn fi ilé ìwé sílẹ̀ nítorí owó, wọ́n sì ń yí àkàrà wọn lọ. Ọ̀rọ̀ náà gbẹ jù lójú mi. Mo wá kọ ọ́ pé wọ́n fi etí ìró nu omijé. Àwọn èèyàn fẹ́ràn rẹ̀, ó kárí WhatsApp, àwọn kan tilẹ̀ dá owó fún màmá náà.

Nígbà tí mo padà lọ, wọ́n bù àkàrà fún mi bí wọ́n ti máa ń ṣe, wọ́n sì bi mí pé ọjọ́ wo ni àwọn sunkún lójú mi. N kò rí èsì fọ̀. Àkọ́bí wọn ti ka ohun tí mo kọ. Ó ti pè wọ́n láti ibi tó ti ń kọ́ṣẹ́, ó ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má sunkún nítorí òun mọ́.

Sẹ̀gilọlá kò ní ọmọ tó lè pè é lórí fóònù. Ibi tí èmi àti Thomas ti yà nìyẹn. Òun dá ẹnìkan, ó sì fi ohùn sí i lẹ́nu; èmi mú ẹni tó wà láàyè, mo fi omijé sí i lójú. Nígbà tí Thomas máa kọ ìtàn ìgbésí ayé ẹni gidi, Herbert Macaulay ló kọ nípa rẹ̀, ẹni tí gbogbo Èkó mọ̀. Ta ni kò ní já a, bó bá purọ́ mọ́ Macaulay? Ṣùgbọ́n ta ni yóò já akẹ́kọ̀ọ́ tó purọ́ mọ́ alákàrà?

Mo ti kún fọ́ọ̀mù náà. Mo kọ ọ́ pé etí mi mú: mo máa ń gbọ́ bí èèyàn ṣe ń sọ̀rọ̀, mo sì lè kọ ọ́ kó dún bí ẹni náà. Mo kọ àléébù mi sábẹ́ rẹ̀: ẹ̀rù ọ̀rọ̀ tó gbẹ máa ń bà mí, ọwọ́ mi sì máa ń yá láti bu omi sí i. Mo ṣàlàyé ti màmá alákàrà. Bóyá wọ́n á gbà mí, bóyá wọn ò ní gbà mí.

Kí n tó fi èyí ránṣẹ́ sí olóòtú, mo lọ ka ibi tó kàn wọ́n fún màmá náà. Wọ́n ní kí n yọ gbólóhùn kan kúrò. Òun ló dùn jù nínú gbogbo rẹ̀. Mo yọ ọ́.