Hánà, Ìyá Sámúẹ́lì Tiwa

Ẹ̀kọ́ kíkà: 1 Sámúẹ́lì 1:9–28

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, bí a bá dé Àgbádárìgì, tí a rí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí àwọn míṣọ́nárì kọ́ ní 1845, Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther ni a sábà máa ń rántí. Lónìí, ẹ jẹ́ kí a rántí ìyá rẹ̀, Àfàlà.

Ní ọdún 1821, ogun kó Òṣogùn, ìlú wọn. Wọ́n mú Àfàlà, Àjàyí àti àbúrò rẹ̀ obìnrin méjì lẹ́rú, wọ́n sì tú wọn ká. Wọ́n ta Àjàyí títí ó fi dé inú ọkọ̀ àwọn Potogí. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ ní 1822, ó sì di ará Sàró. Ìyá rẹ̀ kò gbúròó rẹ̀ mọ́.

Ní oṣù Kìíní 1845, Àjàyí gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì pẹ̀lú aya àtọmọ. Àlùfáà ni nígbà náà. Ṣùgbọ́n Ṣódẹkẹ́, olórí Ẹ̀gbá, ti kú, ogun sì dí ọ̀nà Abẹ́òkúta. Nǹkan bí ọdún kan àbọ̀ ni wọ́n fi dúró, tí wọ́n ń wàásù, tí wọ́n ń kọ́ni níwèé. Ìkọjá ọ̀nà tó dí yìí ni ìyá rẹ̀ wà!

Wọ́n wọ Abẹ́òkúta ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹjọ 1846. Ní ọjọ́ 21 oṣù náà, Àfàlà dé. Ìyá àti ọmọ dì mọ́ra, ẹnu wọn kò gba ọ̀rọ̀, omijé ń dà. Ó di ọdún 25!

Ìyá gba ẹ̀kọ́ Kristi lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kejì 1848, ó ṣe ìrìbọmi. Sámúẹ́lì ni ọmọ rẹ̀ ti ń jẹ́ láti 1825, nítorí náà Hánà ni wọ́n sọ ìyá.

Ẹ̀mí rẹ̀ gùn. Ó bá wọn dé ìgbà tí ọmọ rẹ̀ di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864. Ọmọ-ọmọ rẹ̀, Dandeson, di àlùfáà ní agbègbè Odò Ọya. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin, Abigail, ló bí Herbert Macaulay. Ní 1883 ni ìyá àgbà yìí sùn nínú Olúwa.

Ará, ọ̀pọ̀ ìyá tí wọ́n kó ọmọ wọn gba etíkun Àgbádárìgì kò tún fojú kàn wọ́n mọ́. Nítorí náà, a kò lè pàṣẹ fún Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n ẹni tí ọ̀nà dí mọ́ lónìí, má ṣe fi iṣẹ́ rẹ sílẹ̀. O kò mọ ẹni tó wà níkọjá rẹ̀. Ìwọ tí o sì ń wàásù fún ará ìta, rántí ìyá rẹ nílé.

Àdúrà: Olúwa, tu gbogbo ìyá tó ń retí ọmọ nínú. Ràn wá lọ́wọ́ láti dúró dè Ọ́, ní orúkọ Jésù. Àmín.